Ohun Tó Ń Yún Aṣebàtà Lẹ́sẹ̀

Tí èèyàn bá kí Ọ̀gá Wosẹ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ wò kó tó gbójú sókè dáhùn. Ibẹ̀ ni inagijẹ rẹ̀ ti wá. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó lè gbàgbé orúkọ rẹ, ó lè gbàgbé ojú rẹ pàápàá, àmọ́ kò ní gbàgbé pé gìgísẹ̀ rẹ òsì máa ń jẹ bàtà ju ọ̀tún lọ. Ó mọ ẹsẹ̀ gbogbo àdúgbò bí ẹní mowó. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, bó ṣe ń wọn ẹsẹ̀ olùkọ́ obìnrin kan lọ́wọ́, ẹsẹ̀ tirẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kì í ṣe yíyún tí èèyàn lè ṣe bí ẹni pé kò sí. Ó fi ọ̀tún ha òsì, ó fi òsì ha ọ̀tún. Nígbà tí kò rọgbọ, ó mú ẹsẹ̀ onígi tó fi ń na awọ, ó tì í bọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ń fi họra.

"Ọ̀gá, ṣé eku wà lábẹ́ ibẹ̀ ni?" ni olùkọ́ náà bi í.

"Rárá o. Ijó díẹ̀ ni mò ń jó."

Yíyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orí ẹsẹ̀ méjèèjì ló wà. Ó pọ́n, ó sú wínníwínní, ibi tó bá họ á sun omi, omi náà á gbẹ, á di èépá. Ká ní ìgbà mìíràn ni, bóyá ì bá fara dà á. Àmọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá rẹ̀ máa pé ọgọ́rin ọdún, Ọ̀gá Wosẹ̀ sì ti fọwọ́ sọ̀yà lójú gbogbo ẹbí pé bàtà kan náà ni òun àti Màámi máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Awọ kan náà, òwú kan náà, ọwọ́ kan náà ló máa ṣe é. Wọ́n á wọ̀ ọ́ rìn láti ẹnu géètì dé ọ̀dọ̀ oníyàwòrán tó wà lópin òpópónà, wọ́n á sì ya fọ́tò.

Ẹni tí kò bá mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ á ní kí ló le tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bàtà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà tí Ọ̀gá Wosẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ kíkọ́, bàtà àkọ́kọ́ tó dá ṣe, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, méjèèjì sì kọjú sápá ọ̀tún. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ gan-an ò fẹ́ rí i sójú. Màámi ló bọ́ bàtà gidi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó ki ẹsẹ̀ bọ ti ọmọ rẹ̀, tó sì wọ̀ ọ́ jáde sáàárín èèyàn. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro wọ́n. Màámi ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà, kò wọ bàtà ẹlòmíràn mọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ń sọ tí wọ́n bá bi í: "Ẹsẹ̀ tèmi ò mọ ọwọ́ ẹlòmíràn." Gbogbo ohun tí Ọ̀gá Wosẹ̀ ní láyé, kò sí èyí tó fi ń yangàn tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ti pàṣẹ tirẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ̀yin lè wá sùn o. Ẹsẹ̀ yín ni kò gbọdọ̀ gun orí bẹ́ẹ̀dì yìí."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn kí n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Àpótí wà níbẹ̀ yẹn."

Lóòótọ́, ó ti gbé àpótí kan sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti tẹ́ aṣọ lé e, bí ìgbà tí èèyàn ń retí àlejò. Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sílé ìwòsàn. Ojoojúmọ́ náà ni ọkùnrin yìí ń fún un lésì kan náà.

"Kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ fún mi nípa ẹsẹ̀? Èmi? Èmi tí mo ti ń wo ẹsẹ̀ kí wọ́n tó bí òun?"

Ilé oníkẹ́míìsì ló kọ́kọ́ gbà lọ. Kò jẹ́ kí oníkẹ́míìsì rí ẹsẹ̀ náà rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ orúkọ àìsàn, òun ló sọ oògùn. Ó ní èyí tó máa ń mú èèyàn láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni, tí ẹsẹ̀ bá ń pẹ́ nínú ìbọ̀sẹ̀ tútù. Wọ́n fún un ní ìpara tó béèrè, ó fi para láàárọ̀, ó fi para lálẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹsẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan kan òun.

Ó wá ku alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Èèyàn dáadáa ni alágbàfọ̀, àmọ́ kò sí ìṣòro tí kò ní fi bílíìsì yanjú. Tó o bá ní ọkàn rẹ bàjẹ́, bílíìsì náà ló máa kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

"Wò ó, ọ̀rẹ́ mi," ló wí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bó ṣe tẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà. "Abàwọ́n ni. Ó kàn jẹ́ pé ara ló wà ni. Bu omi sínú bàsíà, da ìdérí méjì sí i, kó o ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́."

Ọ̀gá Wosẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, alágbàfọ̀ sá jáde tòun ti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́! Ẹsẹ̀ gan-an ló fẹ́ bá mi yọ kúrò!"

Èèyàn mìíràn ì bá ronú pìwà dà níbẹ̀. Ọ̀gá Wosẹ̀ kọ́. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ọgbọ́n mìíràn ti sọ sí i lọ́kàn. Ó ní bàtà àtijọ́ tí òun ń wọ̀ ló ti gba àìsàn sára, pé bí òun bá gbé tuntun wọ̀, ẹsẹ̀ á simi. Tuntun kúkú wà nílẹ̀. Bàtà ọjọ́ ìbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, gọ́ọ̀mù nìkan ló kù.

Ẹ dúró ná, kí n tó lọ síwájú, kẹ́ ẹ mọ bí ọkùnrin yìí ṣe ń lo gọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ bàtà oníbàárà, gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa fi lẹ awọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á tò ó sórí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọjọ́ mẹ́ta géérégé, títí òórùn gọ́ọ̀mù á fi lọ pátápátá. O lè bẹ̀ ẹ́, o lè bínú, kò ní fún ọ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ bàtà ẹbí kì í rójú pákó. Ìgbà tí ti oníbàárà bá tán ni tiwọn máa ń kàn, ìgbà yẹn wọ́n á ti wọṣọ tán, wọ́n á máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe ń lẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Kò sì tán síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fi gọ́ọ̀mù sí tirẹ̀: inú awọ, etí awọ, abẹ́ okùn, kó má bàa ṣí láéláé. Àwọn ọkùnrin mìíràn a máa fẹnu sọ ìfẹ́ wọn. Ti Ọ̀gá Wosẹ̀, inú agolo gọ́ọ̀mù ló wà.

Lọ́jọ́ náà, ó fi gọ́ọ̀mù sí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sí ti Màámi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rọra gbé ti Màámi sínú páálí, ó ki ẹsẹ̀ bọ tirẹ̀ nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì ń fà, ó sì wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní òun ń dán an wò.

Nígbà tó jí ní Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Omi ti kóra jọ sábẹ́ awọ ara níbi mélòó kan, kò sì sí bàtà tó máa wọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ lọ mú sílípáàsì ike tirẹ̀ tó fi ń wẹ̀ wá, èyí tó jẹ́ píńkì, tí òdòdó ńlá wà lórí rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ níwájú ọkọ. Bí aṣebàtà àdúgbò ṣe gba òpópónà kọjá nìyẹn, pẹ̀lú òdòdó lẹ́sẹ̀, bàtà tuntun tirẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ apá. Ojú tì í débi pé kò wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì tó bá nílé ìwòsàn jẹ́ obìnrin kan tí kò gba gbẹ̀rẹ́. Bí Ọ̀gá Wosẹ̀ ti jókòó síwájú rẹ̀, ìwà rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

"Bàtà yín ọ̀tún ti fẹ́ ṣí níwájú," ló wí.

"Bàbá, ẹsẹ̀ ta la wá wò?"

Ó gbé ẹsẹ̀ sórí àga. Nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lẹ ti fi sí i?"

"Oògùn ẹsẹ̀."

"Kí ló tún kù?"

Ọ̀gá Wosẹ̀ wo ògiri. "Bílíìsì."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ lẹ ní àbí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì?"

Ó la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wo ibí. Ó gbẹ, ó mọ́. Èyí tí ẹ̀ ń ra oògùn rẹ̀, ibí yìí ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tó bá ń tutù. Ara ibẹ̀ á funfun, á máa bó, á tún lè máa rùn. Tiyín, orí ẹsẹ̀ ló wà. Ó tún ní ìlà létí. Àìsàn wo lẹ rí rí tó ń fi rúlà fa ìlà?"

"Ó yà mí lẹ́nu náà," ni Ọ̀gá Wosẹ̀ wí.

"Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?"

Inú Ọ̀gá Wosẹ̀ dùn pé ó béèrè. Ó mú bàtà náà jáde bí ẹni mú ọmọ tuntun jáde. Nọ́ọ̀sì gba ọ̀kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó wú náà. Okùn méjì ló dábùú bàtà, ẹ̀kẹta gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ìlà pupa méjì ló dábùú ẹsẹ̀, ẹ̀kẹta gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ọ̀gá Wosẹ̀ ti lu ihò róbótó márùn-ún sára okùn iwájú fún ẹ̀ṣọ́. Lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, láàárín pupa yẹn, ojú róbótó márùn-ún ló wà níbẹ̀ tí ara wọn dá ṣáká.

Nọ́ọ̀sì yí bàtà náà wò.

"Ta ló ṣe bàtà yìí?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́ gan-an."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é."

"Èmi ni."

"Ìgbà wo lẹ fi gọ́ọ̀mù sí i?"

"Àná."

"Ìgbà wo lẹ wọ̀ ọ́?"

"Àná náà ni."

Nọ́ọ̀sì gbé bàtà náà símú, kíá ló sì gbé e kúrò, omi ti lé e lójú. Ó ṣàlàyé fún un pé ohun kan wà nínú gọ́ọ̀mù náà tí ara àwọn kan kì í fẹ́. Ara lè gbà á mọ́ra fún ọdún púpọ̀, tó bá wá di ọjọ́ kan, á ní ó tó gẹ́ẹ́. Tí ẹsẹ̀ bá sì ń làágùn nínú bàtà, òógùn náà ló máa ń fà á jáde látinú awọ wá sí ara. Gọ́ọ̀mù bàtà àtijọ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ yíyún náà, àmọ́ èyí tí kò tíì gbẹ ló burú jù. Bílíìsì wá bá a parí iṣẹ́.

Ó kọ ìpara mìíràn fún un, pé kó máa fi kan ibẹ̀ fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún iye ọjọ́ tí òun kọ, kó má ṣe fi kún un. Omi lásán ni kó máa fi fọ ẹsẹ̀, táwẹ̀lì tirẹ̀ nìkan ni kó máa fi nù ún gbẹ, kò gbọdọ̀ họ ọ́, kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kankan tó ní gọ́ọ̀mù. Kó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ọyún bá yọ, tí pupa náà bá ń gun ẹsẹ̀ bọ̀ wá sókè, tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kó padà wá. "Kẹ́ ẹ má sì gba ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ kọjá," ló fi kún un.

Ọ̀gá Wosẹ̀ ń ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì òdòdó rẹ̀ láti dìde nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í ní ìbéèrè tó gbẹ̀yìn.

"Ta ló tún ń wọ bàtà yín tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í gbẹ?"

Ó ronú. Àwọn oníbàárà kọ́, pákó ni tiwọn ń gbà kọjá. Ìyàwó rẹ̀ kọ́, obìnrin yẹn ti sọ láti ọdún pípẹ́ pé bàtà rẹ̀ wúwo jù, ibòmíràn ló ti ń ra tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ku ẹnì kan.

Kò gba ilé lọ. Ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin, níbi tí Màámi ń gbé, ló forí lé tààrà. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn ọ̀sán ń jó, síbẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ méjì ló wọ̀ lé ara wọn, bàtà ọmọ rẹ̀ sì wà lókè wọn. Bó ṣe rí sílípáàsì òdòdó náà, ẹ̀rín pa á.

"Ọkọ mi! Ta ló bá ọ ṣe èyí? Ó mà rẹwà o!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín kí n rí nǹkan kan."

Ẹ̀rín tán lójú Màámi. "Òtútù ń mú mi."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Arúgbó ni mí. Òtútù tèmi yàtọ̀."

Ọ̀gá Wosẹ̀ kúnlẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ wọn ẹsẹ̀ oníbàárà, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lé itan. Màámi kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló fi í sílẹ̀ fún un. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó bọ́ èkejì. Ojú okùn méjì dábùú ẹsẹ̀ náà, ẹ̀kẹta gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ti Màámi ti pẹ́, ara ibẹ̀ ti dúdú, ó ti nípọn, ó ti là. Ó mọ okùn náà dáadáa. Bàtà tó ṣe fún un ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni.

"Ọdún mẹ́fà, Màámi?"

"Kì í yún mi lójoojúmọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ pé kí ni?" Ohùn Màámi le. "Kí n jáde kí n sọ pé bàtà ọmọ mi ń jẹ mí lẹ́sẹ̀? Lẹ́nu tèmi? Wọ́n á gbọ́ ọ ti!" Ó tún rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìbọ̀sẹ̀ méjì ti tó fún un. Mo ti mọ ọgbọ́n rẹ̀."

Ó dun Ọ̀gá Wosẹ̀ débi pé kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń rò. Màámi fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní kó má fi omi ojú kan ẹsẹ̀ òun, pé iyọ̀ wà nínú ẹ̀, ó máa ta òun. Ẹkún bá di ẹ̀rín mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní méjì ni ti Màámi. Ti gọ́ọ̀mù wà lórí ẹsẹ̀, èyí tí Ọ̀gá Wosẹ̀ rò pé òun ní tẹ́lẹ̀ sì wà láàárín ọmọ ìka, nítorí ìbọ̀sẹ̀ méjì inú oòrùn. Ìpara méjì ni wọ́n kọ fún un, ti òkè àti ti àárín, wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ pààrọ̀ wọn. Ìbọ̀sẹ̀ olówùú kan ṣoṣo, tó gbẹ, ni kó máa wọ̀ tó bá yá, kó sì máa nu àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ dáadáa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ní àtọ̀gbẹ, kò ní. Màámi béèrè bóyá òun lè wọ bàtà lọ́la, torí fọ́tò. Nọ́ọ̀sì ní rárá, àtìyá àtọmọ, ó di ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyẹn ò ní kí Ọ̀gá Wosẹ̀ má ṣe bàtà. Ó tú bàtà ọjọ́ ìbí méjèèjì palẹ̀, ó da awọ tí gọ́ọ̀mù ti bà jẹ́ nù, ó gé awọ mìíràn, ó fi ìda pa òwú, ó sì fi ọwọ́ rán gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò fi gọ́ọ̀mù kankan sí i. Aṣọ òwú ló tẹ́ sínú, èyí tó ṣeé yọ sá. Nígbà tó parí, ó tò wọ́n sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Alágbàfọ̀ yọjú wọlé, ó bi í pé oníbàárà wo ló ni ti obìnrin yẹn.

"Oníbàárà mi àgbà," ló dáhùn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ẹbí rìn dé ọ̀dọ̀ oníyàwòrán. Sílípáàsì ike ló wà lẹ́sẹ̀ Màámi, òdòdó ló wà lẹ́sẹ̀ Ọ̀gá Wosẹ̀. Oníyàwòrán ní òun ò lè ya òdòdó yẹn. Àwọn méjèèjì bá bọ́ sílípáàsì wọn sílẹ̀. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù títí dòní: ìyá àti ọmọ jókòó, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níhòòhò, ìpara ń dán lára wọn, kálukú sì gbé bàtà tuntun rẹ̀ lé itan.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Pupa ti lọ lẹ́sẹ̀ Ọ̀gá Wosẹ̀. Ti Màámi ò tíì lọ tán, àmọ́ ó ti rọ̀, nọ́ọ̀sì sì ti gbà kó wọ bàtà tuntun náà. Ọ̀gá Wosẹ̀ fi wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Màámi rìn láti ẹnu géètì dé ọ̀dọ̀ oníyàwòrán, ó yípo, ó rìn padà. Ọmọ rẹ̀ ò wo ẹsẹ̀ náà rárá, ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ó ń yún yín?"

"Kò yún mi."

Màámi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Àmọ́ ti òsì yìí, ó gbòòrò díẹ̀."

Láti ọjọ́ bàtà àkọ́kọ́ tó kọjú sápá ọ̀tún, Màámi ò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọ̀gá Wosẹ̀ kúnlẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ló fi ń tú okùn.

"Kí ló tún kù, Màámi?"

"Ṣé kí n sọ ọ́?"

"Ẹ sọ gbogbo ẹ̀."

Màámi jókòó dáadáa, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní kó lọ mú ìwé àti bírò wá.